Ọlọ́run Tó Yí Ẹ̀yìn Kíjìpá Màámi Síta

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín o. Mo kí Pásítọ̀ wa, mo kí ẹ̀yin alàgbà, mo kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Mo kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó lẹ́yìn tí ẹ ń tẹ fóònù. Ẹ gbé e sílẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ fóònù gan-an ni mo fẹ́ sọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ilé wa pa lọ́lọ́ títí ayé. Mo ti ń sá fún ẹ̀rí yìí láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Pásítọ̀ mọ̀. Bí wọ́n bá ti ń pe àwọn ẹlẹ́rìí síwájú, màá ṣe bíi pé mo ń wá ìwé orin mi lábẹ́ àga. Kì í ṣe pé mi ò moore. Ẹkún ló máa ń gbọ̀n mí. Bí ohùn mi bá há lónìí, ẹ bá mi fi orin gbé e, màá tún sọ ìyókù.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Fúnmiláyọ̀, ọmọ Ìyá Oníkíjìpá ti ilé Alápó. Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, ó mọ ìyá mi. Kò sí àpótí àgbà obìnrin kan ní Òmù-Àrán yìí tí kíjìpá Màámi kò sí ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, aṣọ nínípọn yẹn, aláró, tí ẹ fi pọn àwọn ọmọ yín, tí àwọn ọmọ yín náà tún fi pọn ọmọ. Màámi ló ń gbọn òwú, òun ló ń pa á láró, òun náà ló ń hun ún lórí òfì tó fara ti ògiri nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Láti kékeré mi, ìró apàsà ló ń jí mi láàárọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, apàsà ni igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gbá òwú mọ́ra wọn. Gbà! Á dákẹ́. Gbà! Á tún dákẹ́. Mo rò pé bí ilé gbogbo ènìyàn ṣe ń dún nìyẹn.

Nígbà tí nǹkan le, tí ilé iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe akọ̀wé l'Ékòó kógbá sílé, mo kó ẹrù mi wá sílé. Ìtìjú bò mí. Mo dé, mo bá kíjìpá tí wọ́n tò jọ dé àjà. Mo ní, Màámi, kí ló dé tí ẹ ò tà wọ́n? Wọ́n ní ta ni yóò rà á? Òótọ́ ni. Àwọn ará wa tí wọ́n máa ń ti Èkó àti Ìbàdàn wá ṣe òkú tàbí wá ṣe Kérésì, àwọn ló máa ń rà á tí wọ́n á gbé e lọ sí ìdálẹ̀. Ọkọ̀ ti wá gbówó lórí, wọn ò wálé mọ́. Wọ́n á fi owó ránṣẹ́ sí olókùú, ó tán. Síbẹ̀ Màámi ò yé hun ún. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń hun ún fún. Wọ́n ní ṣé kí ọwọ́ àwọn máa wo àwọn lójú ni?

Ìgbà yẹn ni mo ronú pé bí ará Èkó kò bá lè wá bá aṣọ, kí aṣọ lọ bá wọn nínú fóònù wọn. Mo ní á jẹ́ kí n ṣí ìsọ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bọ̀dá kan wà ní Ìlọrin tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bọ̀dá yẹn, kí Ọlọ́run bù kún un níbi tó bá wà, ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin ìgàn. Ó ní kí n má kọ Òmù-Àrán síbẹ̀ rárá, pé àwọn olówó á rò pé inú igbó la wà. Ó kọ ọ́ pé Lẹ́kí la wà. Mo ya àwòrán aṣọ ránṣẹ́ sí i, ó fi ẹ̀rọ tàn án títí aró Màámi fi ń dán gbinrin bíi yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ó wá fi òyìnbó obìnrin kan tó tín-ín-rín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, aṣọ tó wà lára ìyẹn kì í tiẹ̀ ṣe kíjìpá, ẹ̀yin ará, àfi bí kọ́tìnì! Ó fi aago kan síbẹ̀ tó ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn, pé bí aago bá ti kú, aṣọ tán nìyẹn. Aṣọ tó kún àjà! Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ó kọ kọ́mẹ́ǹtì àwọn tó ti rà á. Jọ́ọ̀nù láti Lọ́ńdọ̀nù ní aṣọ náà dára púpọ̀. Màríà láti Kánádà ní òun á tún rà á. Mo ní, Bọ̀dá, ta ni Jọ́ọ̀nù? Ó ní, Àǹtí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, ẹ fọkàn balẹ̀.

Mo fọkàn balẹ̀. Ẹ wá wo bí mo ṣe ń yọ̀! Mo ń gbé fóònù kiri àdúgbò, mo ń fi han ènìyàn.

Ni àwọn ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá síbẹ̀. Ìsọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń sọ fúnni pé ènìyàn ti wọlé. Wọ́n á wọlé, wọ́n á wò, wọ́n á jáde, bí ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó rà. Ẹnìkan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ó ní ṣé ẹ kì í ṣe Yahoo báyìí? Mo bínú, mo ní èmi ọmọ ìjọ Ọlọ́run! Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bá jà? Láyé tí a wà yìí, ta ni wọn ò tíì lù ní jìbìtì rí? Èmi alára ti fowó ra bàtà lórí fóònù rí, ẹsẹ̀ òsì méjì ni wọ́n gbé wá.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ìyá kan ní Àbújá rà á. Ọ̀kan ṣoṣo. Halelúyà! Ẹ̀yin ará, ẹ ò rí Màámi lọ́jọ́ náà. Wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ bùbá. Àwọn fúnra wọn ló yan aṣọ náà, àwọn ló ká a, wọ́n gbé ọwọ́ lé e, wọ́n gbàdúrà pé kí ẹni tó bá ró o má fi sunkún. Mo gbé e lọ sí páàkì, mo fà á lé dírẹ́bà lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, Màámi ò dákẹ́ orúkọ Àbújá lẹ́nu. Wọ́n á ní, ó yẹ kó ti máa ró o báyìí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wà lẹ́yìn ilé, mo ń sá ẹ̀wà. Ọlọ́kadà kan gbé páálí wá láti páàkì, ó gbé e fún Màámi lójú àwọn ará ilé. Màámi rò pé ẹ̀bùn ni. Wọ́n tiẹ̀ sọ ọ́ sókè, wọ́n ní ìyá Àbújá mà fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi o! Wọ́n tú u. Aṣọ wọn ló wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti tẹ́ ẹ sórí itan. Wọn ò sunkún. Wọ́n kàn ń fi ọwọ́ tẹ̀ lé etí aṣọ náà lọ, tẹ̀ lé e bọ̀, wọ́n ń wá ibi tí àwọn ti ṣẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé, "Fúnmi, kí ló ṣe é?"

Mo wo fóònù. Ìyá náà ti kọ kọ́mẹ́ǹtì sábẹ́ Jọ́ọ̀nù àti Màríà. Ó ní aṣọ tí wọ́n gbé wá kì í ṣe èyí tó wà nínú àwòrán, pé àwọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn, pé níbì kan ó tilẹ̀ yí padà lágbede méjì, pé ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún kókó òwú, pé kí gbogbo ènìyàn ṣọ́ra fún wa. Mo dá owó rẹ̀ padà fún un. Kí ni mo fẹ́ sọ fún Màámi? Mo ní àwọ̀ ni. Wọ́n ní, "Àwọ̀ aró mi?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀yin àgbà mọ̀. Láti ìgbà tí Màámi ti ń hunṣọ, kò sẹ́ni tó dá kíjìpá wọn padà rí. Ó lè gbó, ó lè pẹ́ kí wọ́n tó san owó rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé e padà wá bá wọn. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n tú òfì wọn palẹ̀. Wọ́n fi okùn di àwọn igi rẹ̀ pọ̀, wọ́n gbé e lọ sẹ́yìn ilé níbi tí ewúrẹ́ ń sùn. Wọ́n wọlé, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n kọjú sí ògiri.

Ilé wa bá dákẹ́.

Ẹ̀yin ará, ìdákẹ́jẹ́ yẹn! Mo máa ń jí láàárọ̀, màá sì máa dúró de nǹkan kan, mi ò ní tètè mọ̀ pé ìró apàsà ni mò ń dúró dè. Oúnjẹ wọn di ògì. Ògì di ìlàjì ife. Mo gbé wọn lọ sí ọsibítù, dókítà yẹ̀ wọ́n wò síwá sẹ́yìn, ó ní òun ò rí nǹkan tó pọ̀, pé ara àgbà ni. Àwọn ìyá ìjọ wá, ẹ kú àdúrótì, ẹ kọrin, ẹ gbàdúrà. Pásítọ̀ fi òróró yàn wọ́n lórí. Màámi ní àmín, wọ́n tún yíjú sí ògiri. Mo gbààwẹ̀. Mo lọ sí òkè àdúrà lọ́nà Ẹ̀sìẹ́, mo ké títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Mo dé ilé, mo bá wọn bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Mi ò ní parọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Mo bínú sí Ọlọ́run. Mo ní, Olúwa, ìyá mi ń kú lójú mi, kò sí àrùn, kò sí ọ̀tá, àwòrán ló ń pa wọ́n. Mo ní bí wọ́n bá tilẹ̀ máa kú, ṣé pẹ̀lú ìtìjú ni? Ìgbà tó yá, n kì í gbàdúrà gígùn mọ́. Màá kàn ní, Olúwa, ẹ wò ó. Ó parí.

Ìkórè wá dé. Mi ò ní ohun tí mo lè mú wá. Mo ní kí n má wá, ṣùgbọ́n Màámi sọ láti orí ibùsùn pé ọmọ àwọn kì í fi ọwọ́ òfo wo ìkórè. Mo wò yíká, mo ní, ó dáa, ohun tí ayé kọ̀ ni màá gbé lọ fún Ọlọ́run. Mo ká aṣọ Àbújá yẹn, mo gbé e wá. Ìbínú ni mo fi gbé e wá, mi ò fi ayọ̀ gbé e. Mo jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn kí n lè tètè sá.

Ẹ mọ bí a ṣe ń lu gbàǹjo ìkórè níbí. Ẹ mọ Alàgbà Jóẹ́lì. Alàgbà, ẹ má wolẹ̀, ẹ̀yin náà wà nínú ẹ̀rí yìí! Níbòmíràn, ẹni tó ń lu gbàǹjo á máa yin ọjà. Tiwa kọ́. Àléébù ọjà ni tiwa fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n ní a kì í fi nǹkan bo nǹkan níwájú pẹpẹ. Alàgbà gbé iṣu kan sókè, wọ́n ní ẹ wò ó o, òkété ti jẹ ẹ́ nídìí! Wọ́n yí ìdí rẹ̀ sí wa, gbogbo wa rí i. Wọ́n ní oko ta ni? Ẹ ní oko Bàbá Rúùtù! Wọ́n ní, tó bá wá jẹrà nínú ńkọ́? Ẹ ní, a mọ ilé wọn! Ẹ̀rín sọ. Àwọn ènìyàn sì ń fi owó lé owó lórí iṣu tí òkété jẹ. Láti kékeré ni mo ti ń rí i, bí eré ni mo ṣe kà á.

Wọ́n wá gbé aṣọ Màámi. Mo tẹ orí mọ́lẹ̀. Alàgbà ò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n yí sí ìjọ. Wọ́n ní, "Kókó rèé. Ẹ rí i? Ọ̀kan rèé, òmíràn rèé. Níbí, aró yí padà. Òwú àkọ́kọ́ tán, Ìyá pa òmíràn láró, èkejì sì mu aró jù ú lọ. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tí kò ní àbàwọ́n, kó lọ ra rọ́bà!" Wọ́n fà á láàárín ọwọ́ méjèèjì, ó dún pàù. "Ta ló hun ún?"

Ẹ̀yin lẹ dáhùn. Ẹ ní, "Ìyá Oníkíjìpá!"

"Ilé ta ni?"

"Ilé Alápó!"

"Tó bá já ńkọ́?"

"A mọ ilé wọn!"

Ẹ̀yin ará, bí ẹ ṣe pariwo "a mọ ilé wọn" yẹn, mo gbé orí sókè. Aṣọ kan náà ni. Kókó tí wọ́n fi pè wá lólè ní Àbújá náà ni Alàgbà ń fi ọwọ́ kàn níkọ̀ọ̀kan tí àwọn ìyá fi ń du aṣọ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìyá Rúùtù ló padà gbé e lọ. Mo jáde, mo dì mọ́ igi máńgòrò ìta yẹn, mo sunkún. Ó yé mi wàyí. Bọ̀dá Ìlọrin fi ẹ̀yìn aṣọ pamọ́, ó fi ọwọ́ tó hun ún pamọ́, ó fi ilé wa pamọ́, ó wá ní kí àlejò gbẹ́kẹ̀ lé wa. Ta ni wọn yóò gbẹ́kẹ̀ lé? Jọ́ọ̀nù?

Mo sáré lọ sílé lọ sọ fún Màámi bí wọ́n ṣe du aṣọ wọn. Mo rò pé wọn á dìde. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n wá ní, "Ará ilé ni wọ́n. Àánú mi ló ṣe wọ́n." Wọ́n yíjú sí ògiri. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju gbogbo èyí tó ti ṣẹlẹ̀ lọ.

Síbẹ̀ mo ní, Olúwa, ohun tí ẹ fi hàn mí, màá ṣe é. Mo gba kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ náà, ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń wọ inú rẹ̀, lọ́wọ́ Bọ̀dá, mo tún pẹ́ẹ̀jì aṣọ yẹn ṣe fúnra mi. Ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà ni iwájú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, àwọn kan nínú yín rò pé mo ń tọrọ báárà lórí àtẹ̀gùn. Mo lé Jọ́ọ̀nù lọ, mo lé Màríà tẹ̀ lé e. Mo yọ aago. Mo yọ òyìnbó ẹlẹ́nu kíkùn, mo ró kíjìpá náà sí ìdí ara mi, pẹ̀lú ikùn mi yìí, mo ní kí ìyàwó ilé kejì bá mi yà á, kí ènìyàn lè rí ibi tó máa bá òun dé. Ojú oòrùn ni mo ti ya aṣọ, n kò tan nǹkan kan sí i. Mo ya ojú, mo ya ẹ̀yìn, mo ya kókó, mo ya ibi tí aró ti yí padà, mo sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀ lédè Yorùbá àti lédè Òyìnbó. Mo kọ ọ́ pé bí ẹ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, omi rẹ̀ á dúdú, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Mo kọ orúkọ Òmù-Àrán gàdàgbà, mo kọ ilé Alápó, mo kọ nọ́ńbà fóònù tí èmi fúnra mi ń gbé. Mo ní bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ dá a padà, èmi ni màá san owó ọkọ̀ rẹ̀, ẹ mọ ilé wa.

Ó wá ku ẹni tó hun ún. Mo bẹ Màámi pé kí wọ́n dìde kí n yà wọ́n. Wọ́n kọ̀. Mo tẹ́ kíjìpá kan sórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn fi ọwọ́ yín lé e. Wọ́n fi lé e láìyíjú kúrò lára ògiri. Mo ya ọwọ́ náà. Aró ṣì wà lábẹ́ èékánná wọn. Ọwọ́ náà ti rù, mi ò mọ̀ pé ó ti rù tó bẹ́ẹ̀ títí mo fi rí i nínú fóònù. Ìyẹn ni mo fi sí òkè pátápátá, mo kọ oríkì wọn sábẹ́ rẹ̀: Àjíún ló hun ún.

Ó ku kọ́mẹ́ǹtì ìyá Àbújá. Bọ̀dá ti sọ tipẹ́ pé òun lè bá mi pa á rẹ́. Mo fi í sílẹ̀. Mo kọ èsì sábẹ́ rẹ̀. Mo ní, Mà, òótọ́ ni ẹ sọ. Àwòrán wa ló tàn yín, aṣọ náà kò tàn yín. Bí ìyá mi ṣe ń hun ún láti ìgbà èwe wọn nìyẹn, àwa la ò jẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹ má bínú. Bọ̀dá rí i, ó pè mí láti Ìlọrin, ó ń pariwo pé mo ti fọwọ́ ara mi pa ìsọ̀ náà!

Ó sì dà bí ẹni pé òótọ́ ló sọ. Kò sẹ́ni tó rà. Àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó jáde, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò jù yẹn lọ. Ọ̀sẹ̀ kan, òmíràn. Nínú ilé, ìlàjì ife ògì di ṣíbí. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń bi mí lórí fóònù bóyá kí òun máa bọ̀, ẹ mọ irú ìbéèrè tí ìyẹn jẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Màámi pè mí, wọ́n fi ibi tí kíjìpá tí a ó fi sin wọ́n wà hàn mí. Ìsàlẹ̀ àpótí ni. Àwọn ló hun ún, tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí wọ́n ra aṣọ mìíràn. Mo ní mo gbọ́, Mà. Mo jáde, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí òfì wà tẹ́lẹ̀. N kò gbàdúrà. Ẹ gbọ́ mi? N kò gbàdúrà kankan. Ó ti tán nínú mi.

Fóònù dún ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ohùn obìnrin. Ó kí mi, ó ní òun ló dá aṣọ padà láti Àbújá. Mo ní, ah, Mà. Ó ní ẹnìkan ló fi pẹ́ẹ̀jì náà ránṣẹ́ sí òun pé ẹ wá wo àwọn tí ẹ bú, wọ́n ti dá yín lóhùn. Ó ní òun ò mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀. Ó ní wọ́n ti lu òun ní jìbìtì tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi rò pé ẹ̀rọ ni, pé olè ni, àfi ìgbà tí òun rí ọwọ́ yẹn. Ó wá ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ yẹn ńkọ́? Èyí tí mo dá padà. Ṣé ó ṣì wà?"

Mi ò mọ ẹni tó gbé ẹsẹ̀ mi. Mo bá ara mi nínú yàrá, mo tẹ sípíkà, mo gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí. Mo ní, Mà, ẹ tún un sọ.

Ó ní, "Ṣé Ìyá Àjíún wà níbẹ̀? Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ẹ má bínú sí mi. Aṣọ yín ni mò ń béèrè."

Kò sẹ́ni tó ń pe Màámi ní Àjíún mọ́. Gbogbo ẹni tó tó wọn pè bẹ́ẹ̀ ti lọ. Mo rí i tí èjìká wọn mì. Wọ́n wá fọhùn, ẹ̀yin ará, ohùn tí mo ti gbàgbé:

"Kò sí mọ́. Wọ́n ti rà á níbi ìkórè."

Ìyá náà ní, "Áà, Mà."

Màámi ní, "Bí o bá fẹ́ òmíràn, wàá dúró o."

"Màá dúró, Mà."

"Aró lè yí padà nínú rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó yí padà, Mà."

Màámi yíjú kúrò lára ògiri. Wọ́n wò mí bí ẹni tí mo ti jẹ ní gbèsè láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ní, "Fúnmi, òfì mi dà?"

Mo sáré lọ sẹ́yìn ilé. Ewúrẹ́ ti ń jẹ okùn rẹ̀! Mo gbá ewúrẹ́ náà, kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo gbé igi òfì lé orí, mo ń kọrin, mo ń sunkún. Ẹ yin Olúwa! Ẹ yin ín sí i! Ẹni tó gbọ́ mi nígbà tí àdúrà ti tán lẹ́nu mi, Òun ni mo wá fi ògo fún. Kì í ṣe ọgbọ́n mi. Inú ilé yìí ni Ó ti kọ́ mi lọ́gbọ́n náà, láti ẹnu yín.

Mi ò ní tàn yín jẹ, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ká yí ẹ̀yìn síta. Ẹ̀yìn ẹ̀rí yìí rèé. Ara Màámi ò tíì le. A fi ìrọ̀rí gbè wọ́n lẹ́yìn nídìí òfì. Lọ́jọ́ mìíràn, ohun tí wọ́n hun kì í tó ìbú ìka kan. Ìyá Àbújá ṣì ń dúró, ó máa ń pè, kì í béèrè aṣọ, Àjíún ló máa ń béèrè. Àwọn méjì mìíràn náà ti ní àwọn á dúró. Mi ò mọ̀ bóyá Màámi á parí aṣọ náà. Mo máa ń wà nídìí ààrò, apàsà á dún, á dákẹ́, bí ìdákẹ́ rẹ̀ bá ti pẹ́ díẹ̀, màá gbé ọmọ orógùn dání, mi ò ní lè ro ọkà. Á sì tún dún.

Nítorí náà, ẹ bá mi yọ̀, ẹ má dúró dìgbà tí aṣọ bá parí. Bí ẹ bá ń gba iwájú ilé Alápó kọjá, ẹ rọra dúró. Bí ẹ bá gbọ́ "gbà!", ẹ ní Halelúyà láti ìta, wọ́n á gbọ́ yín. Bí ẹ kò bá sì gbọ́ nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ. Ẹ tún dúró díẹ̀ sí i. Wọ́n ń sinmi ni.